Kí Iná Tó Lọ: Bí Sáfà Ṣe Ń Dìde àti Bó Ṣe Yẹ Kó Kú

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Enugu, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí Ogui Road, UPS wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí rí mọ igbe náà dáadáa: pí, á dákẹ́ díẹ̀, pí. Iná ti lọ nìyẹn, bátìrì ló kù tó gbé sáfà dúró. Ọmọkùnrin tó ń bá wa mójú tó jẹnẹrétọ̀ sáré bọ́ síta, ó fa okùn, ó tún fà á, ẹ̀rọ ò dáhùn. À ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: "Oga, e no gree o!" Igbe UPS wá di léraléra, ó di ohùn kan ṣoṣo tí kò já, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ tó wá dánra wò fún ìdánwò JAMB ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà ni. Nígbà tí iná padà dé lálẹ́, sáfà dìde fúnra rẹ̀, iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n èsì àwọn ọmọ náà ò sí níbì kankan. Inú RAM, ìrántí tó ń pòórá bí iná bá kú, ni ètò tó ń gba ìdáhùn wọn ń kó o sí, ó di ìgbà tí wọ́n bá ní kó dáwọ́ dúró kó tó kọ gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró.

Èmi ni mo ṣètò sáfà yẹn. Mo kọ àṣẹ tí yóò máa jí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ bó bá ti ń tàn. Èyí tí yóò máa ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́ kó tó kú, mi ò kọ ọ́, torí mo gbà pé ohun tó bá ti kú, ó ti kú náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ títan àti pípa kọ̀ǹpútà bí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìdajì méjì. Ìdajì kejì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, òun gan-an la nílò jù.

Ohun tí script jẹ́

Unix ni ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Ken Thompson, Dennis Ritchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969. Linux, FreeBSD àti macOS tó wà nínú kọ̀ǹpútà Apple, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tàbí àwòkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Fóònù Android tó wà lápò yín, kernel Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ubuntu ni sáfà wa ń lò, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2004.

Script ni fáìlì lásán tí a to àṣẹ sínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò máa kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí yóò sì máa ṣe é bó ti ń kà á. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ní ìsọ̀ ní ọjà Ogbete, tó fẹ́ rìnrìn àjò, tó wá kọ ìwé sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: kọ́kọ́ ṣí páálí ẹnu ọ̀nà, gbálẹ̀, tẹ́ tábìlì, kó ìkòkò síta, ìgbà yẹn ni kó o tó gbé aṣọ tí a fi ń pe oníbàárà kọ́. Bí ọmọ náà bá gbé aṣọ kọ́ kó tó gbálẹ̀, eruku á bo ọjà. Script ìdìde kọ̀ǹpútà kò ju ìwé ìyá yẹn lọ: ohun tí a ó ṣe, àti èwo ló ṣáájú èwo.

Àwọn tí script yìí ń jí ni àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí fèrèsé tí a lè fojú rí: èyí tó ń gba àlejò ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ṣọ́ àkójọ dátà, èyí tó ń tẹ̀wé. Daemon lorúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Mo ti rí ẹni tó ka orúkọ yìí lójú kọ̀ǹpútà tó sì fà sẹ́yìn, pàápàá nígbà tó rí ẹ̀dá pupa kékeré oníwo tó jẹ́ àmì FreeBSD. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀mí àìmọ́ kankan nínú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Project MAC ní MIT lọ́dún 1963 ló kọ́kọ́ lò ó fún kọ̀ǹpútà, inú àpẹẹrẹ onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Maxwell ni wọ́n sì ti mú un. Maxwell ṣàpèjúwe ẹ̀dá kékeré kan tó ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń ya èyí tó gbóná kúrò lára èyí tó tutù láìsinmi. Òṣìṣẹ́ tí kì í sùn, tí a kì í rí, ni wọ́n ní lọ́kàn.

Baálé inú ilé

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ètò kékeré tó wà nínú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń jí. Yóò wo ara rẹ̀ yẹ̀ wò, yóò wá ètò mìíràn lórí dísìkì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé kernel wọlé. Kernel ni ọba: òun ló ni RAM, òun ló ni dísìkì, òun ló ń pín àkókò fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọba kì í bá ará ìlú yànjú aáwọ̀ ojoojúmọ́. Ètò kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ jí, tó sì fún ní nọ́ńbà 1. Init lorúkọ rẹ̀ àtijọ́.

Init ni baálé ilé. Gbogbo ètò yòókù, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Bí ètò kan bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, baálé ló sábà máa ń gba ọmọ òrukàn náà tọ́, tí yóò sì sin ín nígbà tí tirẹ̀ náà bá parí. Bí baálé fúnra rẹ̀ bá kú lójijì lórí Linux, kernel á dá gbogbo iṣẹ́ dúró, nítorí kò sẹ́ni tí yóò di ilé mú mọ́.

Baálé yìí ló ń ka ìwé àṣẹ. Ìtò tó wà nínú ìwé náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Àwa tí a ń gbé Nàìjíríà ti rí irú ìtò bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Nígbà tí òpó iná orílẹ̀-èdè bá dojú dé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, wọn kì í tan gbogbo ilé iṣẹ́ amúnáwá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó lè dìde láìgba iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń kọ́kọ́ jí. Òun ni yóò fún èkejì níná tí ìyẹn náà á fi dìde, wọ́n á máa so ìlú mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi kan ibùdó New Haven níhìn-ín, tí àwọn ọmọdé Enugu á fi kígbe "Up NEPA!" Bí wọ́n bá sáré so gbogbo ìlú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, yóò tún wó. Sáfà náà nìyẹn: dísìkì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí àkójọ dátà tó dé, àkójọ dátà kí ètò ìdánwò tó ṣílẹ̀kùn.

Láti rc dé systemd

Ẹ ó máa rí lẹ́tà méjì kan, rc, nínú orúkọ fáìlì Unix. "Run commands" ló túmọ̀ sí. Louis Pouzin, ọmọ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe ètò tó ń ka àṣẹ láti inú fáìlì fún ètò ìṣiṣẹ́ CTSS ní MIT kí Unix tó wáyé, runcom ló sọ ọ́. Unix ìbẹ̀rẹ̀ ní fáìlì kan péré, /etc/rc, tí gbogbo àṣẹ ìdìde wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti kà, àmọ́ bí ẹni kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ lè má dìde mọ́.

System V, ẹ̀dà Unix tí AT&T gbé jáde lọ́dún 1983 ló tú fáìlì ńlá yẹn sí wẹ́wẹ́: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní script tirẹ̀ nínú /etc/init.d, script kan náà ló sì mọ start, ló mọ stop. Wọ́n wá pín ipò kọ̀ǹpútà sí ìpele. Ìpele 0 ni pípa pátápátá, 1 ni ti ẹni tó fẹ́ tún un ṣe nìkan, 6 ni pípa kó tún dìde. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo ẹ̀dà Linux bíi Red Hat, 3 ni ìpele tí sáfà sábà máa ń wà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni orúkọ àwọn fáìlì. S tó ṣáájú orúkọ túmọ̀ sí kó bẹ̀rẹ̀, K túmọ̀ sí kó dáwọ́ dúró, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ipò rẹ̀ lórí ìlà. Lórí Red Hat àtijọ́, S10network ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń wọlé, S85httpd ni sáfà wẹ́ẹ̀bù fi ń wọlé. Nígbà tó bá di pípa, K15httpd àti K90network ni. Ẹ fi ojú yín ṣírò: 10 àti 90, 85 àti 15. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kẹ́yìn jáde. Àwọn tó kọ nọ́ńbà yẹn ti mọ̀ pé sáfà wẹ́ẹ̀bù ò lè dágbére fún àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ kó tó ya ẹnu.

Ohun kan fara pa mọ́ níbẹ̀ tó ti dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lórí ẹ̀rọ ìdílé Red Hat ìgbà yẹn, kí wọ́n tó pe script K, wọ́n á kọ́kọ́ wò bóyá fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà wà nínú /var/lock/subsys. Bí script yín kò bá fi fáìlì yẹn síbẹ̀ nígbà ìdìde, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ náà kò ṣe rárá, wọn ò sì ní pe stop rẹ̀. Ẹ ó kọ stop tó dára, ẹ ó fọwọ́ dán an wò, á ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá pa ẹ̀rọ lóòótọ́, kò ní sẹ́ni tó pè é.

Àléébù ètò nọ́ńbà ni pé ó lọ́ra, torí ẹnì kan ń dúró de ẹnì kan lórí ìlà, àti pé nọ́ńbà kì í sọ ìdí. Kí ló dé tí eléyìí fi jẹ́ 37? NetBSD yanjú ìyẹn lọ́dún 2000: script kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tó nílò, ètò kan tó ń jẹ́ rcorder á wá tò wọ́n fúnra rẹ̀. FreeBSD ṣì ń lo ìlànà yìí títí dòní. Àwọn mìíràn kọ baálé tuntun dípò init: Solaris gbé SMF jáde ní 2005, Apple gbé launchd jáde lọ́dún kan náà, Ubuntu mú Upstart wá ní 2006. Ní 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde. Nínú àwọn ẹ̀dà Linux, Fedora gbà á ní 2011, Debian àti Ubuntu ní 2015. Kò ṣẹlẹ̀ láìsí ìjà: àríyànjiyàn tó wáyé nínú Debian ní 2014 gbóná débi pé àwọn kan yapa lọ dá Devuan sílẹ̀, torí wọ́n ní systemd ti gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún baálé kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń tọ́jú sáfà kékeré kan ní ìlú tí iná ti ń lọ, systemd ti mú kí kíkọ àṣẹ ìpalẹ̀mọ́ rọrùn ju ti àtijọ́ lọ.

Agbádá ni à ń kọ́kọ́ bọ́

Ẹni tó fẹ́ lọ òde á wọ ṣòkòtò, á wọ bùbá, kó tó gbé agbádá wọ̀. Tó bá délé, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Kò sẹ́ni tó lè bọ́ bùbá nígbà tí agbádá ṣì wà lọ́rùn. Bí pípa kọ̀ǹpútà ṣe yẹ kó rí nìyẹn, systemd sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ nọ́ńbà kankan: bí ẹ bá ti sọ pé A ń dìde lẹ́yìn B, yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé A ni yóò kọ́kọ́ kú.

Nígbà tí àṣẹ pípa bá dé, baálé á ránṣẹ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ ni SIGTERM, nọ́ńbà rẹ̀ ni 15. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù yín jọ, a fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ètò tí wọ́n kọ́ dáadáa á kọ ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, á ti fáìlì, á jáde. Systemd sábà máa ń fún un ní 90 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kò bá jáde títí àkókò yẹn á fi pé, SIGKILL ló kàn, nọ́ńbà 9, ìyẹn ò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀: kernel á yọ ètò náà kúrò láìjẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ ni wọ́n á da ìyókù ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, wọ́n á tú dísìkì sílẹ̀, iná á kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó fẹ́ràn kill -9 pé kí wọ́n rọra. Àṣẹ kill lásán, SIGTERM ló ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó sáré lọ síbi 9 ti gba ẹ̀tọ́ ìpalẹ̀mọ́ lọ́wọ́ ètò náà. Ẹ rántí bí awakọ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti Ngwo gba Milliken Hill wọ Enugu. Jíà kékeré ló ń fi ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí á fi kan ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kò sí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò pa ẹ́ńjìnnì lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn torí pé ó ti ń rí òrùlé ìlú níwájú.

Ìwé kan lójú wa

Ohun tí mo kọ fún sáfà ìdánwò yẹn lẹ́yìn àdánù náà nìyí. Inú /etc/systemd/system ló wà, idanwo.service lorúkọ rẹ̀:

[Unit]
Description=Safa idanwo
After=network.target postgresql.service
Requires=postgresql.service

[Service]
User=idanwo
ExecStart=/opt/idanwo/bere
ExecStop=/opt/idanwo/palemo
TimeoutStopSec=60
Restart=on-failure

[Install]
WantedBy=multi-user.target

After ń sọ ìtò nìkan: bí àwọn méjèèjì bá ń dìde, kí èyí tẹ̀ lé ìyẹn. Kò ní kí wọ́n jí ìyẹn. Requires ló ń sọ pé láìsí àkójọ dátà (postgresql), kí ètò ìdánwò má ṣe yọjú, ṣùgbọ́n òun náà kò sọ nǹkan kan nípa ìtò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ̀kan kí wọ́n sì gbà pé ó ti dúró fún méjèèjì. Ẹ kọ méjèèjì.

ExecStop ni ìdajì tí mo gbàgbé. Script palemo tó ń pè gbọ́dọ̀ dúró títí èsì yóò fi wà lórí dísìkì lóòótọ́ kó tó parí. Bó bá kàn sọ fún ètò ìdánwò pé "máa palẹ̀ mọ́" tó sì padà lójú ẹsẹ̀, systemd á rò pé ó ti tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ohun tó kù jáde. Ẹ sì kọ ojú ọ̀nà fáìlì ní kíkún, láti orí àmì / àkọ́kọ́, torí nígbà ìdìde, kò sí ẹnikẹ́ni tó wọlé sórí ẹ̀rọ, àwọn ọ̀nà àbùjá tí ẹ fi ń tẹ àṣẹ lójú kọ̀ǹpútà kò sí fún script.

Lẹ́yìn èyí, systemctl enable á mú kí iṣẹ́ náà máa dìde nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn lọ́jọ́ iwájú. Kò ní jí i nísinsìnyí. Systemctl start ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó ṣe start láìṣe enable á rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ geerege títí di ọjọ́ tí iná bá lọ.

Ẹni tí yóò sọ fún sáfà

Gbogbo ìwé tó dára yìí ò wúlò bí iná bá já lójijì. Àwọn kan á ní dísìkì òde òní ń tọ́jú ara rẹ̀, pé Linux ti ní ìwé àkọsílẹ̀ dísìkì láti ìgbà ext3, lọ́dún 2001. Òótọ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kí sáfà wa dìde lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìṣàìsàn. Àmọ́ ètò àwọn fólídà àti fáìlì ló ń dáàbò bò. Ohun tí ètò kan ṣì dì mọ́ra nínú RAM, tí kò tíì fi lé dísìkì lọ́wọ́, kò sí ìwé àkọsílẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

UPS ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín: ọ̀pọ̀ ló ní ihò USB kan níbẹ̀, wáyà rẹ̀ sì ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi gbé e wá, bíi tiwa nígbà yẹn. Bí ẹ bá so ó mọ́ sáfà, tí ẹ sì fi NUT sórí rẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń bá onírúurú UPS sọ̀rọ̀, igbe "pí" yẹn á di ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà gbọ́. NUT mọ ìgbà tí UPS bọ́ sórí bátìrì, ó mọ ìgbà tí bátìrì fẹ́ tán, ìgbà náà ló ń pàṣẹ shutdown, tí ExecStop yín á sì rí àyè ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé bátìrì tó ti pẹ́. Ooru àti ìlọ-bọ̀ iná ti jẹ ẹ́, ó lè sọ pé ó kù díẹ̀ kó tán nígbà tó ti tán. Ní tiwa, mi ò dúró de ìkìlọ̀ ìkẹyìn mọ́. Upssched, tó wà nínú NUT, ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ìgbà tí iná bá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún ọmọkùnrin wa láti jí jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá jí, sáfà á palẹ̀ mọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, bátìrì á sì ṣẹ́kù. Ẹ lọ sínú ètò bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yín náà, ẹ yan èyí tó ní kó dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá padà, kí ẹ má bàa máa wá tẹ bọ́tìnì lóru.

Ohun kan ló kù, òun la kì í sábà ṣe. Ẹ mú ọ̀sán Sátidé kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́. Ẹ fi ohun tí kò ní dùn yín bó bá sọnù sórí sáfà, ẹ yọ wáyà UPS kúrò lára ògiri, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ wo aago. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dìde padà, ẹ tẹ journalctl -b -1, kí ẹ ka ohun tó sọ nígbà tó ń kú, ìlà dé ìlà, kí ẹ wá ibi tí ó ti pe script ìpalẹ̀mọ́ yín. Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, kí iná tó tún lọ.